Àáró Wọ Ọ́fíìsì Ọ̀rọ̀ Òkèèrè

Ẹni tó bá rí àkọlé tó wà lára ilẹ̀kùn náà á rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí ayé. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: Ọ́FÍÌSÌ Ọ̀RỌ̀ ÒKÈÈRÈ. Tó bá wá ti ilẹ̀kùn ọ̀hún wọlé, tábìlì méjì ló máa bá níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ti darúgbó, fèrèsé kan tí kò ṣeé tì, àti ènìyàn méjì. Dókítà Olúwaṣọlá Ọ̀ṣuntókun ni Olùdarí. Àpọ́nlé ni gbogbo ìyókù.

Èmi Jímọ̀ ni mò ń tọ́jú sítọ̀ nígbà náà, ní ọdún 1982, ní Yunifásítì Àjùmọ̀kọ́ tó wà lẹ́yìn ìlú Ṣakí, lójú ọ̀nà Àgó-Àmọ̀dù. Owó táwọn ará Òkè-Ògùn dá jọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ilé ibẹ̀ fi kéré tí oyè ibẹ̀ sì pọ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan ló la sítọ̀ mi àti ọ́fíìsì Dókítà láàárín. Bí Dókítà bá húkọ́ lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí mi ló gbọ́ ọ, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ní gbogbo yunifásítì náà, àjèjì méjì péré la ní. Isaac, ará Gáná, ń kọ́ni ní físíìsì. Ọkùnrin ará Íńdíà kan ń kọ́ni ní ìṣirò. Ẹ lè máa bi ara yín pé iṣẹ́ kí ni àjèjì méjì lè fún odidi ọ́fíìsì ṣe. Àpọ́nlé ni kí ẹ bi. Òun ló ń bá wọn lọ tún ìwé ìgbélùú wọn ṣe n'Íbàdàn, tí wọ́n á sì ní kó padà wá lọ́la. Òun ló ń wá gáàsì tí ìyàwó ará Íńdíà fi ń dáná, òun náà ló ń bá wọn bá onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí kànga bá gbẹ. Èyí tó wá burú jù ni pé Dókítà fẹ́ràn kó máa kọ lẹ́tà sáwọn yunifásítì ilẹ̀ òkèèrè pé kí wọ́n wá bá wa dọ́rẹ̀ẹ́. Ó kọ sí Jámánì, ó kọ sí Rọ́ṣíà, ó kọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè pe orúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn náà ní ẹ̀kọ́ ilé, wọ́n ń dá èsì padà. Èsì náà sì ń fẹ́ èsì. Nígbà tó yá, òkìtì lẹ́tà tó wà níwájú Àpọ́nlé ga débi pé gèlè rẹ̀ nìkan la máa ń rí bí a bá yọjú sí i.

Dókítà kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọ̀lẹ máa ń sinmi. Dókítà kì í sinmi, ṣe ló máa ń ṣètò. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti lo ọdún mẹ́fà l'Amẹ́ríkà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Lọ́dún náà ó lọ sí ìpàdé kan ní hòtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó, lórí bí òṣìṣẹ́ díẹ̀ ṣe lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ó jẹ, ó mu, ó sì gbé páálí gbàgàdà kan bọ̀ tó kàn mọ́ ògiri. Wọ́n ní kí á máa kun iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ sórí rẹ̀: pupa fún iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe lónìí, funfun fún iṣẹ́ ọ̀la, àwọ̀ ewé fún iṣẹ́ ìrònú. Nígbà tí wọ́n pín in tán, gbogbo pupa bọ́ sọ́wọ́ Àpọ́nlé, gbogbo àwọ̀ ewé bọ́ sọ́wọ́ Dókítà, funfun kò ní olúwa. Àpọ́nlé wá béèrè pé ta ni á máa kun páálí ọ̀hún láràárọ̀. Dókítà ní iṣẹ́ pupa nìyẹn.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fẹ́ parí, Àpọ́nlé tọrọ líìfù ọjọ́ méjì. Bàbá rẹ̀, Ọdẹ́tọ́lá, tó jẹ́ ọdẹ àti àgbẹ̀ oníṣu ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Ìyàwó kan ló fi sílẹ̀, àti ọmọ kan ṣoṣo, àti ilẹ̀ iṣu tó lọ́ràá. Àwọn àgbà ẹbí rán sí opó náà pé ilẹ̀ ìdílé kì í ṣe ti koríko. Bí òjò ọdún yìí bá fi lọ tí kò sí ebè lórí ilẹ̀ ọ̀hún, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn nínú ẹbí tó lọ́wọ́ láti fi ṣiṣẹ́. Ìyá Àpọ́nlé lè gbin iṣu, ó lè ro ó, ó lè wà á, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba ebè kíkọ mọ́. Òjò náà kò sì ní pẹ́ lọ. Ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, bó bá ti gbẹ, ọkọ́ á máa ta padà sójú ẹni tó gbé e sókè.

Dókítà fi sùúrù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní ó dun òun, pé ikú bàbá kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó wá nawọ́ sí páálí ara ògiri, ó ní kí Àpọ́nlé fojú ara rẹ̀ wò ó bóyá àyè wà níbẹ̀ fún líìfù. Àpọ́nlé wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún láàárọ̀ ọjọ́ náà, pupa ni látòkè délẹ̀.

Ó wá gba pépà lọ́dọ̀ mi, ó jókòó sórí páálí ṣọ́ọ̀kì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Kò sunkún. Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, ìyẹn sì bí mi nínú ju ẹkún lọ. Ọmọ tó ń bá ará Íńdíà wá gáàsì káàkiri Ìbàdàn, kò rí ọjọ́ méjì fi ṣe ti ìyá tó bí i lọ́mọ.

Mo bi í pé ṣé kò sí àáró ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí mọ́ ni. Àáró la mọ̀ nílẹ̀ yìí: gbogbo ẹgbẹ́ á lọ sóko mi lónìí, gbogbo wa á lọ sí tìrẹ lọ́la, ọwọ́ la fi ń san ọwọ́. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wo ni ìyá òun máa fi san? Ti òun náà rèé, orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́.

Ògúndèjì tó ń tọ́jú láíbúrárì wà níbẹ̀, ó wá gba gọ́ọ̀mù. Ará Ìgbòho ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, alágbẹ̀dẹ máa ń wà nínú àáró, bẹ́ẹ̀ alágbẹ̀dẹ kì í kọ ebè kan. Ọkọ́ gbogbo ẹgbẹ́ ló ń tún ṣe, ìyẹn ni ọwọ́ tirẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ pé táípù kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, kí a sọ fún òun.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì ọlọ́kan-ṣoṣo pọ̀ ní yunifásítì wa. Èmi nìkan ni mò ń jìyà mi nínú sítọ̀, Ògúndèjì nìkan ni tirẹ̀ nínú láíbúrárì. A fi Isaac kún un, nítorí ilẹ̀ oníṣu ló ti wá, ó sì ní káàdì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ, tó pọ̀ jọ bí eéṣú. Àdéhùn wa kò le. Ọjọ́ Ajé, gbogbo wa á wọ ọ́fíìsì Àpọ́nlé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, sítọ̀ mi. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, láíbúrárì, lẹ́yìn náà Isaac. Níbi gbogbo, Àpọ́nlé á táípù tó bá tó àkókò táípù. Nígbà tí gbogbo wa bá ti jẹ àáró wa tán, àwa ọkùnrin mẹ́ta á gbé ọkọ́ lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ọjọ́ Ẹtì kan àti Àbámẹ́ta rẹ̀, kí oṣù kẹwàá tó parí.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ fáìlì. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, Dókítà ti lọ sí ìpàdé n'Íbàdàn, Isaac ń sọ èsì fún Jámánì lẹ́nu, Àpọ́nlé ń tẹ̀ ẹ́, Ògúndèjì ń to fáìlì, èmi ń lẹ sítáǹpù. Kí á tó jẹun ọ̀sán, a ti rí ojú Àpọ́nlé. Òkìtì tó ti wà níbẹ̀ láti Iléyá èṣí, ó ti lọ sí ibi tó yẹ kó lọ. Isaac kọrin Gáná, a gbè é láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba owó oṣù níbẹ̀, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbádùn iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Dókítà ṣàkíyèsí pé lẹ́tà ń jáde kó tó rántí pé ó yẹ kó jáde. Ó yọjú, ó rí wa. Mo rò pé yóò lé wa. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó jókòó, ó béèrè ohun tí à ń ṣe, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, àáró tí bàbá bàbá mi fi kọ ebè ti di Ètò Ọ̀ṣuntókun Lórí Iṣẹ́ Àpọ̀jù, nínú pépà gígùn kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn ará yunifásítì kan ní Kánádà tí wọ́n wà l'Ékòó fún ìpàdé. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun rí i lójú ìrònú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ọ̀gá nínú ètò náà, pé ẹni tí ẹgbẹ́ bá bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi san án, ìbáà jẹ́ ọba. Ọ̀rọ̀ yẹn dára, mi ò parọ́. Àpọ́nlé ló táípù rẹ̀, àwa la bá a tò ó.

Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun lòun ni ètò, ó yẹ kí òun náà wọ inú rẹ̀, kí á má sọ pé òun ń fẹnu lásán ṣiṣẹ́. Inú wa dùn. Ó ní kí á wá bẹ̀rẹ̀ lórí òun. Oko ẹ̀gẹ́ kan wà tó dá sẹ́yìn Ṣakí nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn lọ ṣàgbẹ̀. Koríko ti gorí ẹ̀gẹ́ náà débi pé àparò ló ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ méjì la fi ro ó. Dókítà gbé mọ́tò sábẹ́ igi, ó ń ka ìwé ìròyìn nínú rẹ̀, ó ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti sọ fún wa pé a ń gbìyànjú. Ó fún wa ní búrẹ́dì àti sàdíìnì. A kì í fi ọlá jẹ iyọ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n sàdíìnì kò sí nínú òwe náà.

Láti ìgbà náà ló ti ń béèrè ìròyìn lórí àáró. Kí ni a ṣe lọ́jọ́ Ajé, ta ló pẹ́ dé, èrè wo ni a rí, kí á táípù rẹ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ó yan ìgbìmọ̀ kan láti máa bójú tó o, òun ni alága, Àpọ́nlé ni akọ̀wé, kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí àáró mú fúyẹ́, ìròyìn àáró tún dì í padà lé Àpọ́nlé lórí. Ó fara dà á. Ó ní Dókítà ti jẹ àáró wa báyìí, kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tí à ń sọ tí ọjọ́ ìyá òun bá kàn. Ó sì lọ sọ ọjọ́ náà fún un ní tòótọ́, ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta tó kángun sí òpin oṣù kẹwàá. Dókítà mi orí pé ó dáa. Ìyá Àpọ́nlé gbọ́, ó tọ́jú iṣu tuntun pamọ́ fún oúnjẹ wa.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Kánádà. Wọ́n ti ka pépà Dókítà, orí wọn wú. Àwọn mẹ́ta lára wọn fẹ́ gbéra l'Ékòó wá fojú rí ètò náà. Ọjọ́ Ẹtì.

Dókítà pe gbogbo wa sínú ọ́fíìsì. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, pé a ó wọ aṣọ tó mọ́, a ó jókòó yí tábìlì Àpọ́nlé ká, a ó máa ṣe àáró fún àwọn àlejò wò. Ọ̀rọ̀ oko lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àpọ́nlé dìde. Òjò ti ń dín kù. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò ti rọ̀ ní Ṣakí rárá.

“Sà,” ó ní, “òjò ò ní dúró dè wá.”

“Òjò ò gbowó oṣù lọ́wọ́ yunifásítì, Àpọ́nlé,” Dókítà dá a lóhùn. “Ìwọ ń gbà á. Tẹ́ńpúrárì sì ni ọ́ di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.”

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, tẹ́ńpúrárì ni wọ́n ṣì ń pè é. Lẹ́tà tó máa fi ìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, ọwọ́ Dókítà ló wà, nínú àwọn iṣẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń rò lọ́wọ́.

A padà sínú sítọ̀. Àpọ́nlé ní kí ẹnikẹ́ni má torí tòun pàdánù iṣẹ́. Òun á lọ, kí àwa dúró. Mo níyàwó, mo lọ́mọ, mo ń wo ilẹ̀. Isaac ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà gan-an. Ó ní òun ti jẹ àáró òun, wọ́n ti bá òun ṣe gbogbo káàdì ìdánwò òun, níbi tí wọ́n sì bí òun sí, ẹni tó bá jẹ àáró kì í fara pamọ́. Bí wọ́n bá lé òun padà sí Gáná, iṣu wà níbẹ̀. Ògúndèjì ní òun ti pọ́n àdá òun. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, mo sì lọ.

Ilẹ̀ náà tóbi ju bí mo ṣe rò lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì a pín in ní ìlà-ìlà, láti ìdí igi máńgòrò dé ibi òkìtì ọ̀gán kan tó wà lókè. Ìlà mẹ́rin ni Ìyá Àpọ́nlé fà. Mo ní àwa mẹ́ta la wá. Ó ní ọmọ òun sọ fún òun pé ènìyàn mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wá, ẹlẹ́kẹrin ti jẹ tirẹ̀ ṣáájú, ìlà rẹ̀ á dúró dè é. Mo rò pé obìnrin náà kò mọ bí ayé ṣe rí. A bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ṣì rọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, òkè rẹ̀ ti ń le. Isaac kọ ebè bí ẹni tí inú ń bí. Àpọ́nlé ń gé koríko níwájú wa, kò wo ojú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀sán pọ́n nígbà tí a gbọ́ mọ́tò. Mo mọ ìró rẹ̀. Mọ́tò Dókítà ni.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn la tó gbọ́. Àwọn àlejò dé sí ọ́fíìsì, wọn ò bá ẹnikẹ́ni àfi Dókítà àti páálí pupa. Wọ́n béèrè pé àáró dà. Kí Dókítà tó rí irọ́ pa, ará Íńdíà tó ń kọ́ni ní ìṣirò, tó wá béèrè gáàsì rẹ̀, ti sọ òótọ́ fún wọn: wọ́n ti lọ sí oko ìyá Àpọ́nlé, òun ni àáró kàn lónìí. Ẹni tó jẹ́ olórí àwọn àlejò náà, ìyá àgbà kan tó ní irun funfun àti bàtà tó lágbára, fò sókè. Ó ní ohun tí àwọn bá wá láti Kánádà gan-an nìyẹn, kí Dókítà máa mú àwọn lọ. Ẹnu Dókítà kò gbà á láti sọ pé rárá, bó ṣe di pé òun fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò náà dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àpọ́nlé kí wọn káàbọ̀, ó tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé omi fún wọn, ó gbé iṣu sísun àti epo kalẹ̀. Dókítà kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí a wà. Ó kí ìyá náà, ó sì fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn àlejò rẹ̀.

Ìyá Àpọ́nlé bi ọmọ rẹ̀ bóyá ẹni tí wọ́n ro oko ẹ̀gẹ́ fún nìyí. Àpọ́nlé ní òun ni. Ìyá náà wọ inú àgọ́, ó mú ọkọ́ olóògbé jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Dókítà.

“Àlejò ló ń jókòó, Dókítà,” ó ní. “Ẹ̀yin kì í ṣe àlejò níbí. Ìlà yín nìyẹn.”

Ìyá Kánádà béèrè ohun tó sọ. Àpọ́nlé ló ń ṣe ògbufọ̀ ní ọ́fíìsì náà, kò sí ẹlòmíràn, nítorí náà ó ṣe ògbufọ̀. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ìyá Kánádà pàtẹ́wọ́. Ó ní òun rántí, ó wà nínú pépà Dókítà, pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń san án, ìbáà jẹ́ ọba. Ó ní òun ti rò pé àsọdùn ni. Ó yọ kámẹ́rà.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé e kọ́ ẹ̀ka igi, ó kọ ebè kan. Wọ́n yà á. Ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ lé ebè náà, wọ́n tún yà á. Ó wá gbé ọkọ́ kalẹ̀, ó ń nu ọwọ́. Ìyá Àpọ́nlé ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń wo ebè náà tìyanu-tìyanu. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tú u, ó ní kó tún un kọ, pé òkìtì ọ̀gán tó wà lókè lọ́hùn-ún ni ìlà rẹ̀ parí sí. Dókítà yíjú sí àwọn àlejò, ó ní ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ wọ́n, bóyá kí àwọn máa padà sí Ṣakí. Ìyá Kánádà ní rárá o. Ó ní àwọn kò níbi kankan tí àwọn ń lọ, iṣu náà dùn, àwọn á dúró títí ìlà rẹ̀ á fi parí.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbádùn ọ̀sán náà. Ẹnu ń gbẹ mi, ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ojú sókè, Dókítà ni mò ń rí, okùn tó fi gbé ṣòkòtò kọ́ èjìká ti já lápá kan, ó ń gbé ọkọ́ sókè bí ẹni fẹ́ pa ejò. Ebè rẹ̀ kò dọ́gba, òmíràn dà bí ibi tí ewúrẹ́ sùn sí. Ìyá Àpọ́nlé ń tẹ̀ lé e, ó ń kí i kú iṣẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ní kó tún un ṣe. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Dókítà kan òkìtì ọ̀gán. Ó fi ọwọ́ lé e, ó dúró síbẹ̀.

Àwọn àlejò gbé e lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló wa mọ́tò. Àwa sùn síbẹ̀, a parí ìyókù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí a ṣe ń fọ ọkọ́ ni olórí ẹbí dé pẹ̀lú arákùnrin kan tó gbé àdá lọ́wọ́, tó wá wo ilẹ̀ tuntun rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n wo ebè láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Olórí ẹbí béèrè pé ta ló kọ gbogbo èyí. Ìyá Àpọ́nlé ní ẹgbẹ́ ọmọ òun ni, ó sì bu omi fún wọn. Wọ́n mu ún, wọ́n yí padà. Ìyá náà jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó sunkún díẹ̀, ó sì ní kí á wá jẹun.

Ọjọ́ Ajé dé. Mo wà nínú sítọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn. Dókítà wọlé, ó fi aṣọ funfun wé ọwọ́ méjèèjì títí dé ọrùn ọwọ́. Ó pe Àpọ́nlé. Ó ní kúẹ́rì ni òun fẹ́ kọ sí òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgba àṣẹ, lẹ́yìn ìyẹn ìwé ìdádúró fún èyí tó jẹ́ tẹ́ńpúrárì. Ó ní kó jókòó kó táípù rẹ̀.

Kí ni ì bá ṣe? Òun nìkan ló mọ ẹ̀rọ náà lò. Mo fi etí lé pákó, mo ń fi ojú kan wò níbi tó ti là, mo gbọ́ bí Dókítà ṣe ń sọ ọ́, mo gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún tẹ̀ lé e. Àpọ́nlé táípù kúẹ́rì mi. Ó táípù ti Ògúndèjì, ó táípù ti Isaac. Ó táípù ti ara rẹ̀, ó kà á padà fún Dókítà, ó béèrè bóyá ẹ̀dà mẹ́ta ni kó wà tàbí mẹ́rin. Ó táípù ìwé ìdádúró ara rẹ̀. Ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó sì gbé kálàmù tì wọ́n.

Dókítà na ọwọ́ sí kálàmù náà. Kálàmù bọ́. Ó tún na ọwọ́ sí i, mo gbọ́ bó ṣe fà á sínú bí ẹni tí iná jó. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló lé ròrò, gbogbo rẹ̀ ló sì ti bẹ́. Ó ní kí Àpọ́nlé kó àwọn ìwé náà pamọ́ di ìgbà tí ọwọ́ òun bá san tí òun á lè fọwọ́ sí i.

“Ó dáa, sà,” Àpọ́nlé ní. Mo gbọ́ bó ṣe ń kó wọn jọ. “Ẹ jẹ́ kó tètè san o. Ọjọ́ méjì la lò lóko ẹ̀gẹ́ yín, ọjọ́ kan lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ san. Ìyá mi ti fa ìlà yín fún gbígbin sílẹ̀.”

Àga Dókítà dún. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí ẹnìkan ń yọ ìṣó lára ògiri, mo sì yọjú: Àpọ́nlé ló ń tú páálí pupa náà sílẹ̀, Dókítà jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó ń wò ó, kò sì ní kó má tú u.